Bí Mo Ṣe Fi Àmì Kan Gbé Dùùrù Bàbá Wa Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá ni àwọn èèyàn máa ń wá jẹ́wọ́ níbí. Ọ̀kan gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òmíràn sá fi ìyàwó sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kéré lójú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n sì fi bíírò pupa fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà ní ìhòòhò. Bí òǹkọ̀wé bá kọ "oko" lásán, èmi ni mo máa pinnu bóyá ọkọ ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ́. Ọ̀pọ̀ baálé ilé ni mo ti yọ nínú ewu, tí wọn ì bá ti di ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀. "Alámì" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní bíírò pupa kan nínú àpótí, pẹ̀lú káàdì tí àṣìṣe mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Mo tún un ṣe, mo dá a padà.

Ìwà yìí náà ló dá èdèkòyédè sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwa méjì péré ni òbí wa bí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi jù mí lọ. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó gùn, ó dùn, àdúrà ló kún inú rẹ̀. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà, mo fi ránṣẹ́ padà sí i pẹ̀lú àtúnṣe mọ́kànlá.

Kíá ni ó pè mí.

"Àbúrò, àdúrà ni mo ṣe fún ọ. O wá ń fi máàkì sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ 'ẹ̀mí gígún'. Ẹ̀mí gígùn lẹ ní lọ́kàn. Gígún, ọ̀bẹ ló ń ṣe ìyẹn."

Ó ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, mi ò ní fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan tí mo bá kọ sí ọ mọ́. Ìwọ lo ni àmì. Máa fi sí i fúnra rẹ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn pamọ́ síbì kan. Orí rẹ̀ ni mo padà wá dúró lé bí agbẹjọ́rò, orí rẹ̀ náà ni mo sì ti já bọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan dùùrù. Dùùrù Bàbá wa ni: onígi, dúdú, ó ga dé àyà ènìyàn, ó sì wúwo bí ọ̀rọ̀ àna. Àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí a ń tẹ̀ lára rẹ̀, eyín ni Bàbá ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ní tèmi, àwọn ìka mi kì í gbọ́ ti ara wọn.

Ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ tèmi nídìí dùùrù náà. Ọ̀kan nínú eyín àárín ti yadi kí wọ́n tó bí mi. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, "kọ́" lẹ máa gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Eyín tó ń pe ohùn re ni. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti jókòó ti dùùrù, èmi ọmọ ọdún márùn-ún á dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, n óò máa retí. Yóò tẹ dò. Èmi á ké "re!" Yóò tẹ mí. Bàbá wa tó jókòó lórí àga á mi orí, á ní, "Ó péye."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé nìyẹn: kí n máa fi re sí ibi tí re kò sí.

Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi dùùrù sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n kò sí àyè ní ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Mò ń bọ̀ wá gbé e." Ọdún mọ́kàndínlógójì ni ó fi ń bọ̀ wá gbé e.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú ọ̀nà balùwẹ̀ ni dùùrù dúró sí nílé mi. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi ọ̀tún mọ igun rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ àwọn àna mi lọ. Eku bímọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ń sá aṣọ lé e. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ àfi bí mo bá kọlù ú, ìgbà náà sì ni òun náà máa ń gbọ́ ohùn mi.

Onílé wá ní òun fẹ́ wó ilé náà. Ilé mìíràn tí a rí wà ní àjà kẹta. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tín-ín-rín débi pé bí tọkọtaya bá ń jà, wọn kò lè pàdé lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan túúbá. Mo fi okùn wọn àtẹ̀gùn. Mo fi okùn kan náà wọn dùùrù. Okùn kì í parọ́.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn."

Mo ní, "Màá pè wọ́n."

N kò pè é. Mo mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a kó, bábà ìkángun àdúgbò wa yà wá kí wa pé ó dàbọ̀. Bábà ni mo wí o, ẹni tó ń gẹ irun; kì í ṣe bàbá. Mo kọ́kọ́ fún un ní àga méjì àti jígí kan tí igun rẹ̀ ti fọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí dùùrù. Ó bọ́ fìlà.

"Alàgbà, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Mo ṣì ń rò ó."

"Ẹ má wulẹ̀ rò ó mọ́. Àwọn oníbàárà mi tó ń dúró de àyè, ṣe ni wọ́n máa ń bú ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù. Bí ohun ọ̀wọ̀ báyìí bá wà níwájú wọn, ara wọn á balẹ̀. Mo ní ọkùnrin mẹ́rin níta."

"Nísinsìnyí?"

"Kí ẹ tó mu omi ọwọ́ yín tán, yóò ti kúrò nílẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìdánwò rí. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó kó ọkùnrin mẹ́rin tó lágbára dání, tó tún mú okùn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wá, ìyẹn kọjá ohun tí èèyàn ẹlẹ́ran ara ń dojú kọ.

Ìyàwó mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín."

"Àtẹ̀jíṣẹ́ yá ju ìpè lọ."

Ó wò mí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni a ti fẹ́ ara wa; ìwò yẹn ní àmì lórí, mo sì mọ̀ ọ́n kà.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni à ń kó. Bábà àdúgbò wa fẹ́ràn dùùrù Bàbá. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti gbé e. Kí ni kí n wí fún wọn?" Gbogbo àmì ló pé. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn bá dé iwájú adájọ́, adájọ́ á dìde kí mi.

Èsì rẹ̀ dé kí n tó jókòó:

"Ki won ma gbe e lo."

Kò pẹ́, òmíràn tún wọlé:

"Mo n bo."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Má, ohùn mí kan ṣoṣo ni; ó ń ní kí nǹkan má ṣẹlẹ̀. Máa, ohùn mí ni, re wá tẹ̀ lé e. Ó ń ní kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ lọ. Kí wọ́n má gbé e lọ. Kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọ̀kan á ti ilẹ̀kùn, èkejì á ṣí i gbayawu. Bí ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe ń kọ̀wé sí mi láti ọjọ́ ọgọ́ta ọdún mi, "ma" kan náà ni méjèèjì.

Mo mọ èyí tó ní lọ́kàn. N kò ní parọ́ fún yín. Èyí tí mo pa fún ẹ̀gbọ́n mi ti tó. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ kò lè ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọmọ iléèwé á mọ̀. Eku inú dùùrù á mọ̀.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa fi àmì sí i. Mo fi sí i.

Ìyàwó mi ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i." Ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún fà á súnmọ́. "Èmi ka má."

"Ìwọ kò ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé."

"Ó dáa. Mi ò sí níbẹ̀ o. Inú ilé ìdáná ni mo wà." Ló bá wọ ilé ìdáná tí a ti kó gbogbo ohun inú rẹ̀ tán, ó dúró sí àárín rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé dùùrù. Ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀kan yọ̀, ẹsẹ̀ dùùrù kan gba ilẹ̀ gbì. Gbogbo eyín rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn, àfi re.

Bábà ní, "Alàgbà, ẹ bá mi kọ ìwé sí i, kí ọ̀rọ̀ má di ariwo lọ́la."

Mo mú bíírò pupa mi jáde. Mo kọ ọ́ pé: "Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí yọ̀ǹda dùùrù yìí pátápátá. Èmi tàbí ẹbí mi kankan kò ní béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé." Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. N kò tíì kọ ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

A kó lọ sí àjà kẹta. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń rìn lọ sí balùwẹ̀ láìfarapa. Mo gbà pé ìtura ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí.

"Àbúrò, mo ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Mò ń wá àyè. Mo ti wọn ògiri náà, ó gbà á. Ọkọ ọmọ mi ti rí ọkọ̀ akẹ́rù. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀ wá gbé dùùrù mi."

Ó bá tirẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, ilé yìí dákẹ́ jù. Rédíò kò ràn mí lọ́wọ́. Èèyàn tí kò mọ̀ mí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó mọ̀ mí láti kékeré. Ṣé ó gun àtẹ̀gùn yín báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá."

Ẹ yẹ gbólóhùn yẹn wò. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Mo sọ fóònù sílẹ̀, mo lọ dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò wa àtijọ́. Dùùrù Bàbá wà láàárín ṣọ́ọ̀bù bábà, jígí wà lórí rẹ̀, páúdà, kóòmù àti ẹ̀rọ ìgẹrun tò lọ bẹẹrẹ. Ọkùnrin márùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Alàgbà!" Bábà na ọwọ́ sí wọn. "Ẹ ò rí nǹkan? Láti ọjọ́ tó ti wọlé, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì rẹ̀ ní òmùgọ̀ mọ́."

"Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kékeré kan ṣẹlẹ̀."

"Irú àṣìṣe wo?"

"Àṣìṣe àmì."

Ó tọ́ka sí ògiri. Ìwé mi wà níbẹ̀ nínú férémù onígíláàsì. "Àṣìṣe kẹ̀, Alàgbà? 'Pátápátá.' Mo ka àmì orí ẹ̀, mẹ́rin ló pé. 'Láéláé.' Kò sí ibi téèyàn lè gbà kà á sí òdì."

Ọ̀kan lára àwọn tó jókòó dìde lọ wò ó. Ó ní, "Ìwé yẹn mọ́ o. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbìyànjú láti ṣàìsàn. Ìyàwó mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó ní, "Ara yín tutù ju tèmi lọ. Ẹ dìde, ẹ wẹ̀, kí wọ́n lè bá ẹni tó mọ́ wí."

Ẹ̀gbọ́n mi gun àjà kẹta ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àwọn akẹ́rù méjì tẹ̀ lé e. Aṣọ ìbora tuntun kan wà lápá rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó rà láti fi wé dùùrù kí igi rẹ̀ má ha lójú ọ̀nà. Ó dúró sí pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni gbogbo ilé wa. Kò sí ibi tí dùùrù lè sá pamọ́ sí. Èmi gan-an ti wá ibi sísá pamọ́ sí láti àárọ̀, n kò rí.

"Dùùrù dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Dùùrù dà?"

"Ẹ jẹ́ ká fún yín lómi."

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyàwó wa, dùùrù dà?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, inú ilé ìdáná ni mo wà."

Ọ̀rọ̀ ti dójú rẹ̀. Mo mú fóònù mi. Mo na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n gbé e. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi."

"Èmi?"

"Ọwọ́ yín ló tẹ̀ ẹ́."

"Gíláàsì mi wà nínú ọkọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kà á sí mi létí."

Mo gbé fóònù sókè. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú yẹn. Láti ọjọ́ márùn-ún ni mo ti ń wí i níwájú jígí, máa, máa, máa, bí àgùntàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe eré. Ní ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n bá ní kí o ka ọ̀rọ̀ sókè, kì í ṣe ohun tó wù ọ́ lò ń kà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni. Bí ojú mi ṣe kan ìlà yẹn báyìí, ahọ́n mi kò dúró gba àṣẹ. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí wọ́n má gbé e lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́rù wo èkejì. Ó ní, "Má ni wọ́n kà yẹn o."

Mo ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n tún un kà." Ìyàwó mi ní, "Ẹ má tún un kà mọ́, olówó orí mi. Ẹ ti kà á."

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kan tẹjú mọ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ṣi ibi tó yẹ kí n ti ké.

"Àbúrò, ta ló fi re síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ náà ni." Ó ká aṣọ ìbora rẹ̀ dáadáa. "Mú wa lọ sọ́dọ̀ bábà yẹn."

Òun jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀. Èmi wà lẹ́yìn láàárín okùn àti àwọn akẹ́rù. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àfi ọ̀kan tó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, bábà ń fá irùngbọ̀n ọkùnrin kan. Apá kan ti mọ́, fóòmù ọṣẹ funfun bo apá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi kí gbogbo wọn. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó rọra ti páúdà sápá kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu irun kúrò lára eyín dùùrù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

Orin tí Bàbá kọ́kọ́ kọ́ ọ ni. Dùùrù ti ṣá, ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ilé tí wọ́n bí mi sí. Bábà dá ọwọ́ abẹ dúró nínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn.

Ó tẹ dò. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Kọ́.

Ó dúró. Kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó dúró. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dúró pẹ̀lú rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ibi iṣẹ́ mi gan-an. Mo la ẹnu.

Re kò jáde. Èyí tí mo ní, mo ti ná an síbi tí kò yẹ.

Ọkùnrin onífóòmù ló ṣàánú wa. Láti orí àga rẹ̀, ó la ẹnu, ó ké "Róòò!" bí ẹni tó ń da màlúù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ gbìyànjú." Ó pa ìdérí dùùrù dé.

Bábà gbé abẹ sílẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni dùùrù yìí?"

"Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ìwé wà lára ògiri o, mà."

"Mo rí i. Ó mọ́. Ọwọ́ àbúrò mi ni."

"Ó ní ẹbí kankan ò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀."

"Mi ò béèrè," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo kàn wá kí i ni."

Bábà họ orí. Onífóòmù ní, "Ọ̀gá, tí o bá jẹ́ kí ìyá yìí jáde báyìí, ibòmíràn ni n óò ti lọ fá apá kejì." Gbogbo bẹ́ǹṣì kùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó tó!" Bábà nàka sí mi. "Alàgbà, kí gbogbo èèyàn gbọ́: mi ò dá a padà fún yín! Èmi ni mo ta ìyá lọ́rẹ. Ẹ mú bíírò yín, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé tọkàntọkàn ni, kí àmì rẹ̀ pé, torí ògiri ni mo fẹ́ gbé e kọ́."

Mo kọ ọ́ lórí ìdérí dùùrù, àwọn ọkùnrin márùn-ún ń wo ọwọ́ mi. Mo fi àmì sí "bábà" dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bàbá ni. Bíírò pupa ni mo lò. Àwọ̀ rẹ̀ bá ojú mi mu.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ ìbora wé dùùrù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bábà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bẹ́ǹṣì, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ onífóòmù. Ó wọ ọkọ̀. Ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára òpó iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ̀wé, kò fèsì. Mo tilẹ̀ kọ ọ̀kan láìfi àmì kankan sí i, láti fi hàn pé mo ti ronú pìwà dà. Ó dùn mí wọ eegun. Ìyàwó mi ló ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ó ní ọkọ ọmọ rẹ̀ mú alátùn-únṣe kan wá, pé kó wá wo eyín tó yadi. Ẹ̀gbọ́n mi lé e. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ṣì wà láyé."

Mo ní kí ìyàwó mi tún gbólóhùn yẹn sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sú u.

Ní ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún.

"Ma wa ni ojo Satide."

Mo jókòó síwájú rẹ̀ fún wákàtí kan. Má wá. Máa wá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, má ni àbí máa?"

"Fi àmì sí i fúnra rẹ," ló wí, ó sì pa á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bi mí ní ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ kò rí i. Ẹni tó kọ̀wé láìfi àmì sí i ṣẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó mọ àmì, tó wá fi í síbi tó rọ òun lọ́rùn, òun ni kó máa kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ní tèmi, lọ́jọ́ yẹn, mo wo èyí tó máa nira fún mi jù nínú méjèèjì, mo kà á bẹ́ẹ̀. Mo sọ àjà mẹ́ta kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀ méjì, mo kan ilẹ̀kùn.

Ó ṣí i.

"O dé?"

"Mo dé, mà."

"Dúró síbi tí o máa ń dúró sí."

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kí i bí mo ṣe ń kọjá. Mo dúró lọ́wọ́ òsì. Ó tẹ orin Bàbá. Ó dé dò. Kọ́.

"Re," ni mo wí. Ohùn ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó gbọ̀n díẹ̀.

Ó tẹ mí. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ó péye."

Oṣù mẹ́jọ rèé, n kò pa Sátidé kan jẹ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá má ló kọ lọ́jọ́ yẹn ni, àbí máa. N kò sì béèrè mọ́. Ẹni tó bá béèrè lè gba èsì.